Whitstable ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìmòòkùn jẹun

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé London ni iṣẹ́ àwọn amòòkùn tó ń wá ẹrù nínú ọkọ̀ rírì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbà. Whitstable ni, ìlú apẹja kan ní etí òkun Kent ní England, níbi tí odò Thames ti ń já sí Òkun Àríwá. Àwọn ènìyàn ti ń wọ abẹ́ omi kí Whitstable tó bẹ̀rẹ̀, mi ò jiyàn ìyẹn. Ní Stockholm, láàárín 1663 sí 1665, wọ́n fi agogo ńlá tí èèyàn ń dúró sí nínú omi yọ ìbọn àgbá tó lé ní 50 lára Vasa, ọkọ̀ ogun Sweden kan tó ti rì. Edmond Halley, onímọ̀ ìràwọ̀, náà ṣe agogo tirẹ̀ ní 1691. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ parí, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Whitstable ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ìlú, tí wọ́n fi ń fẹ́yàwó, tí wọ́n fi ń kọ́lé.

Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Oyster, ẹran inú ìkarahun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, ni wọ́n fi mọ ìlú náà. Àwọ̀n onírin ni àwọn apẹja máa ń wọ́ tuurutu nílẹ̀ òkun láti fi kó o. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń pè ní Pudding Pan, àwọ̀n a máa gbé ohun mìíràn sókè: àwo pupa tó ń dán, tí wọ́n tẹ orúkọ amọ̀kòkò sí nídìí. Àwo àwọn ará Róòmù ni. Àwọn ìyàwó apẹja kò wádìí ọ̀rọ̀ títí. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e sí ilé ìdáná, wọ́n ń fi se oúnjẹ. Ní nǹkan bí 1778, Thomas Pownall, tó ti ṣe gómìnà Massachusetts rí, gbọ́ nípa àwọn àwo náà, ó sì lọ wádìí wọn. Àwọn onímọ̀ gbà báyìí pé ọkọ̀ oníṣòwò kan láti ilẹ̀ Gaul, níbi tó di Faransé lónìí, ló rì síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ikú Olúwa wa.

Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé àwọn ará Whitstable ti ń jẹ nínú ọkọ̀ rírì láti ìran dé ìran kí ẹnikẹ́ni tó dé àṣíborí amòòkùn. Ọmọ tó bá ń jẹun nínú àwo tí òkun dá padà, ojú tí yóò fi máa wo òkun kò ní jọ ti ọmọ ìlú mìíràn. Ó sì tún ku ọ̀kan. Oyster ilẹ̀ wọn máa ń bímọ láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ, wọn kì í tà á nígbà náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìyẹn, ìgbà tí òtútù omi Àríwá rọ ara díẹ̀. Ọkọ̀ wà nílẹ̀, okùn wà nílẹ̀, ọwọ́ àwọn ọkùnrin sì dẹ̀. Lérò tèmi, iṣẹ́ ìmòòkùn rí àyè bọ́ sí nínú ọdún wọn, kò ní láti lé iṣẹ́ kankan jáde. Ẹgbẹ́ wọn náà ti dúró dáadáa: láti 1793 ni òfin ti sọ àwọn apẹja náà di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tí ọmọ ń jogún ipò baba. Ní July 25, ọjọ́ Jákọ́bù mímọ́, àwọn ọmọdé a máa to ìkarahun oyster jọ bí ilé kékeré, wọn a tan àbẹ́là sínú rẹ̀, wọn a sì tọrọ owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kọjá.

Sí irú ìlú yìí ni Charles Deane àti àbúrò rẹ̀ John wá. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé iná jó ní oko kan, èéfín bo ilé àwọn ẹṣin, kò sẹ́ni tó lè wọlé. John wo ẹ̀wù irin àtijọ́ tó wà nínú ilé olóko, ó yọ àṣíborí rẹ̀, ó dé e, ó ki rọ́bà pọ́ǹpù omi sí abẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa fi pọ́ǹpù fẹ́ atẹ́gùn sí òun. Ó wọlé, ó sì kó àwọn ẹṣin jáde. Àwọn kan ń ṣiyèméjì sí ìtàn yìí nítorí pé ìwé àṣẹ ìjọba tí Charles gbà fún àṣíborí èéfín ní 1823 kò mẹ́nu kan oko tàbí ẹṣin. Ìwé àṣẹ kì í sọ ìtàn. Mo gba ìtàn náà gbọ́.

Nígbà tó fi máa di 1829, àṣíborí èéfín ti di àṣíborí omi. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń múra fún amòòkùn: aṣọ òwú irun àgùntàn ní ìlọ́po méjì nítorí òtútù, aṣọ tí omi kì í wọ̀ lórí rẹ̀, bàtà olójé lẹ́sẹ̀, òjé láyà àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé àṣíborí bàbà lé e léjìká, tòun ti fèrèsé gíláàsì mẹ́ta. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lókè á máa fi ọwọ́ fa pọ́ǹpù, atẹ́gùn á gba rọ́bà wọlé, á sì gba ìsàlẹ̀ àṣíborí jáde, nítorí pé wọn kò rán àṣíborí náà mọ́ aṣọ. Ibẹ̀ ni ewu wà. Bí amòòkùn bá ṣubú tàbí tó dorí kodò, omi á kún àṣíborí lójú ẹsẹ̀. Fífà okùn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú omi ẹlẹ́rẹ̀ Whitstable, ojú kì í ríran jìnnà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá nǹkan.

Augustus Siebe, ọmọ Jámánì tó ń rọ irin ní London, ló bá wọn ṣe àṣíborí náà, nígbà tó sì yá, òkìkí di tirẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni, kì í ṣe òun ló ń wọ omi. Ní ti George Edwards ti Lowestoft, tó ní òun lòun dámọ̀ràn pé kí wọ́n so aṣọ mọ́ àṣíborí, àtúnṣe nìyẹn, kì í ṣe ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ní 1834, àwọn Deane mòòkùn sí Royal George, ọkọ̀ ogun tó rì nítòsí Portsmouth ní 1782. Ní 1836, àwọn apẹja kan níbẹ̀ ní kí John bá àwọn tú okùn tó há mọ́ nǹkan nísàlẹ̀. Igi ọkọ̀ Mary Rose ni, ọkọ̀ Ọba Henry Kẹjọ tó ti wà nínú ẹrẹ̀ láti 1545, ìbọn àgbá onídẹ sì wà nítòsí rẹ̀. Àwọn ará Whitstable kò dúró sílé. Ìtàn ìlú sọ pé wọ́n lọ dé etí òkun Galway ní Ireland, wọ́n kó owó fàdákà dọ́là jáde nínú ọkọ̀ Sípéènì kan, wọ́n fi kọ́ ọ̀wọ́ ilé kan tí wọ́n ń pè ní Dollar Row.

Èyí tó kù kò ṣòro láti rí kà. Cousteau àti Gagnan ṣe ẹ̀rọ ìmí agbékọ́yìn ní 1943; òfin ààbò ọkọ̀ rírì dé ní Britain ní 1973; Stromness, ní erékùṣù Orkney ní Scotland, ló gbajúmọ̀ báyìí lọ́dọ̀ àwọn amòòkùn nítorí àwọn ọkọ̀ ogun Jámánì tó rì sí Scapa Flow ní 1919. Wọ́n gbé Mary Rose jáde ní 1982. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ rí i, John Deane nìkan ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. William Edwards, ará Whitstable, ni alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ lórí omi lọ́dún náà. Ó yẹ kí wọ́n máa dárúkọ òun náà.