Ta ni kí n bi? Bí wọ́n ṣe ń wọn ìmọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ jọ ní

Ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, àdìrẹ kì í sábà ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo jáde. Ẹnì kan ń di aṣọ, ẹlòmíràn ń fi ẹ̀kọ láfún tẹ ọnà sí i láti ojú páànù tí wọ́n gé, aláró sì wà nídìí àgbá tó ń dúró dè wọ́n. Aláró ló mọ̀ pé àwọ̀ ewé ni aṣọ yóò gbé jáde nínú ẹ̀lú, afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di àwọ̀ aró lójú ẹni. Ẹni tó ń tẹ ọnà lè má mọ ìyẹn, kò sì ba nǹkan jẹ́, bó bá ṣáà ti mọ ẹni tí yóò bi.

“Ta ni kí n bi?” yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ń wọ̀n. Daniel Wegner, ará Amẹ́ríkà, ló dá ọ̀rọ̀ náà, “transactive memory”, sílẹ̀ ní 1985, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ń rántí ọjọ́ ìnáwó, ọkọ ń rántí ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Bí ọ̀kan bá rìnrìn àjò, bí ẹni pé ó gbé díẹ̀ lára orí èkejì dání lọ ni. Ìrántí àjọní ni ká pè é ní Yorùbá. Àwọn àgbà ti ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n òwe kì í sọ ìwọ̀n.

Ìwé ìbéèrè ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ń lo èyí tí Kyle Lewis gbé jáde ní 2003. Gbólóhùn 15 ló wà níbẹ̀, márùn-ún márùn-ún lọ́nà mẹ́ta: ṣé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohun tirẹ̀ tó mọ̀ dunjú, ṣé àwọn yòókù fọkàn tán ìmọ̀ rẹ̀, ṣé iṣẹ́ ń lọ geere láìfẹsẹ̀ kọ ara wọn. Òṣìṣẹ́ yóò mú nọ́ńbà láti 1 dé 5. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yí àwọn gbólóhùn kan sódì, kí àṣírí ẹni tó kàn ń fa 5 lọ sílẹ̀ láìkà á lè tú.

Wọn kì í kàn ro ó pọ̀ kí wọ́n pín in. Bí ẹni méjì bá kọ 5, tí méjì kọ 1, ó di 3 nígbà tí a bá pín in, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kọ 3 nínú wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣírò bí ìdáhùn ṣe súnmọ́ra tó, 1 ni bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu pátápátá, 0.70 ni ọ̀pọ̀ sì ń fi ṣe ààlà. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ wo ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò fọkàn tán ohun tí Ìyá mọ̀ nípa aró? Ká tiẹ̀ ní kò sí orúkọ lórí ìwé, ẹni márùn-ún péré ni wọ́n, wọ́n mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ara wọn.

Nítorí náà àwọn kan ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ní kọ̀rọ̀: “Bí aró bá kọ̀ tí kò mú aṣọ, ta lo máa pè?” Wọ́n á wá fi ìdáhùn wọn wé ohun tí ẹni tí wọ́n dárúkọ mọ̀ ní ti gidi. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyí. Gbogbo wọn lè fẹnu kò sí Ìyá, nígbà tó jẹ́ pé ọmọdébìnrin tó ń bu sódà sí aró lójoojúmọ́ ló mọ ìdí tí aró fi kọ̀. Ohùn wọn ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn kò tọ̀nà.

Ìdánwò mìíràn wá láti ọ̀dọ̀ Stasser àti Titus, ní 1985 bákan náà. Wọ́n pín ọ̀rọ̀ káàkiri láàárín ẹgbẹ́: gbogbo wọn mọ àwọn kan, àwọn yòókù sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n jókòó, ohun tí gbogbo wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sọ ní àsọtúnsọ. Ká gbé e wá sí Ìtòkú: oníbàárà fẹ́ aṣọ ẹgbẹ́. Gbogbo wọn mọ iye ọ̀pá àti owó. Ọ̀kan ṣoṣo ló gbọ́ pé ọjọ́ ìgbéyàwó ti sún síwájú. Ọ̀kan ṣoṣo ló fọwọ́ kan aṣọ náà tó rí i pé kì í ṣe òwú pọ́ńbélé, aró ò ní mú un dáadáa. Olùwádìí yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò máa fa igi sínú ìwé: mélòó nínú ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ wọ̀nyí ló bọ́ sórí ẹní? Lójú tèmi, èyí ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju ìwé ìbéèrè lọ, nítorí kò béèrè kí ẹnikẹ́ni yin ara rẹ̀.

Wíwò náà wà. Ní 1995, Liang, Moreland àti Argote kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń to rédíò. Wọ́n kọ́ àwọn ẹgbẹ́ kan pa pọ̀, wọ́n kọ́ ti àwọn mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kó wọn jọ. Àwọn tí wọ́n jọ kọ́ rántí jù, àṣìṣe wọn sì kéré. Nínú fídíò, wọ́n wo bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe di apá tirẹ̀ mú, bóyá wọ́n ń jiyàn, bóyá ọwọ́ wọn bá ara mu.

Èyí tó náwó kéré jù ni kí ẹnì kan ṣàìwá. Ọjọ́ tí aláró bá gbàyè lọ sí ìnáwó, kí wọ́n kọ ìgbà tí iṣẹ́ dúró sílẹ̀, ìgbà tó tún bẹ̀rẹ̀, àti iye ìgbà tí wọ́n pè é lórí fóònù níbi tó ti ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù.