Lẹ́tà ni kí ẹ ṣí, kì í ṣe ilẹ̀kùn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ̀dá kan gbé báàgì Ghana-must-go wọ ọ́fíìsì mi. Mo rò pé pápákọ̀ òfuurufú ló ti ń bọ̀. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó fa síìpù rẹ̀, àṣé lẹ́tà ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Mo kà wọ́n, mọ́kànlélógójì. Méjì péré ló ti ṣí, ìwé ìpè síbi ìgbéyàwó sì ni ọ̀kan nínú méjèèjì. Èyí tó kù, ti káńsù, ti kóòtù, ti bailiff (àwọn tí òfin fún láṣẹ láti wá gba gbèsè nílé onígbèsè), bí wọ́n ṣe já bọ́ láti ihò ilẹ̀kùn náà ni wọ́n ṣe wà.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n ṣí wọn."

Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé tí mo ti ń gba onígbèsè nímọ̀ràn ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn títí etí mi fi kún. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà kì í bu èèyàn ṣán.

Mi ò ní máa ṣàlàyé ohun tí council tax, owó orí ilé tí káńsù ń gbà, jẹ́. Ẹ ń gbé inú ilé, ẹ ń gbé ìdọ̀tí síta, wọ́n ń wá kó o, ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni bí owó oṣù kan ṣe ń di owó ọdún kan. Tí ẹ ò bá san ti oṣù kan, lẹ́tà ìránnilétí á wá, ọjọ́ méje ló fún yín. Ẹ san án láàárín ọjọ́ méje yẹn, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ ò san án, tí ọjọ́ méje mìíràn tún kọjá, ẹ̀tọ́ yín láti máa san án díẹ̀díẹ̀ ti lọ nìyẹn. Gbogbo èyí tó kù lọ́dún náà ni wọ́n máa bi yín. Ẹni tó jẹ 150 pọ́ùn níbẹ̀rẹ̀ oṣù lè jẹ 1,500 kí oṣù tó parí. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìpè sí kóòtù, pẹ̀lú owó kóòtù lórí rẹ̀, kí adájọ́ tó wá fún káńsù ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní liability order.

Ibí yìí ni àwọn èèyàn wa ti ń ṣe àṣìṣe kan tó máa ń dùn mí. Wọ́n á múra, wọ́n á wọ kóòtù bíi pé ilé ọba ni wọ́n ń lọ, wọ́n á fẹ́ máa bẹ adájọ́. "Olúwa mi, ọmọ mẹ́ta ni mo ní." Adájọ́ yẹn ò ní agbára láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ohun méjì ló fẹ́ mọ̀: ṣé ọrùn yín lowó náà wà, ṣé ẹ sì ti san án. Tí orúkọ tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ti ẹlòmíì, tàbí tí ẹ ti san án, ẹ lọ. Tí ẹ̀bẹ̀ bá ni ẹ fẹ́ bẹ̀, káńsù ni kí ẹ bẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè bẹ̀ wọ́n. Ìwé àṣẹ yẹn kì í sì í ṣe CCJ (ìdájọ́ gbèsè ti county court), kì í wọ inú àkọsílẹ̀ ìyáwó yín. Mo ti rí ẹni tó yá owó èlé gọbọi nítorí pé ó ń sá fún ohun tí kò sí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ bailiff, torí òun ló ń mú yín sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gba gbèsè káàdì ìyáwó, tí wọ́n ń pè yín lórí fóònù láàárọ̀ lálẹ́, kì í ṣe bailiff. Lẹ́tà àti ariwo lásán ni tiwọn. Bailiff ti káńsù ló ní òfin lẹ́yìn.

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ wa, tí gbèsè bá ti pẹ́ jù, olówó á rán ológò sí onígbèsè. Ológò á wọlé, á jókòó, á máa pariwo, á máa bú èèyàn. Adìẹ tó bá kọ́kọ́ rí lágbàlá, á pa á, á sè é jẹ, ọrùn onígbèsè náà ni ìnáwó rẹ̀ sì ń lọ. Ibẹ̀ la ti mú ọ̀rọ̀ pé wọ́n dógò ti èèyàn wá. Ológò tòde òní kì í pa adìẹ, ṣùgbọ́n ọrùn yín náà ni owó iṣẹ́ rẹ̀ wà. Nígbà tí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, 75 pọ́ùn ni wọ́n fi lé gbèsè bí ìwé bá ti dé ọwọ́ bailiff. Bó bá ti fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà yín lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ẹ wà nílé, bẹ́ẹ̀ ẹ ò sí nílé, 235 tún gorí rẹ̀. Ẹ wo iye tó wà lórí lẹ́tà tiyín. Ẹni tó bá ti bá wọn ṣàdéhùn kó tó di pé wọ́n wá, ó ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ owó kejì yẹn. Ó kéré tán, ọjọ́ méje ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láàárín lẹ́tà àti àbẹ̀wò, wọn kì í sì í ka ọjọ́ Àìkú mọ́ ọn. Inú lẹ́tà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Inú Ghana-must-go.

Àmọ́ ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín ológò àti bailiff, òun ni mo fi ń jẹun, òun ni mo sì máa sọ títí tí ẹ ó fi gbọ́. Ológò ń wọlé bó ṣe wù ú. Bailiff tó wá gba owó káńsù ò lè já ilẹ̀kùn yín wọlé nígbà àkọ́kọ́. Kò lè gba ojú fèrèsé. Kò lè fi ẹsẹ̀ há ẹnu ilẹ̀kùn, kò lè tì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó kọjá. Kò gbọ́dọ̀ wá kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. (Owó ìtanràn kóòtù yàtọ̀ o, ẹ má fi èyí dáhùn ìyẹn.) Ohun tó lè ṣe ni kó gba ilẹ̀kùn tí a ò tì wọlé, tàbí kó wọlé nígbà tí ẹnì kan bá ní kó máa bọ̀. Bó bá ti wọlé báyẹn, tó kọ ẹrù sílẹ̀, tí ẹ fọwọ́ sí i, tí ẹ ò wá mú àdéhùn ṣẹ, ó lè padà wá já ilẹ̀kùn ọ̀hún.

Torí náà ẹ ti ilẹ̀kùn. Ti iwájú, ti ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé tí ẹ bá ń dín ẹja, ẹ máa ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ kí ẹ̀rọ èéfín má baà ké. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ gba ojú fèrèsé òkè tàbí ihò lẹ́tà bá a sọ̀rọ̀, ẹ ní kó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn yín, ẹ má bú u, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ní ti ọkọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ojú wọn ń wá nìyẹn. Ẹ má gbé e síwájú ilé. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣe takisí máa ń rò pé nítorí pé irinṣẹ́ ni, wọn ò lè fọwọ́ kàn án. Iye tí òfin dáàbò bò fún gbogbo irinṣẹ́ pa pọ̀ kò ju 1,350 pọ́ùn lọ. Ọkọ̀ ta ló jẹ́ 1,350 lóde òní?

Màmá kan wá láti Abẹ́òkúta wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó. Ọmọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú arúgbó, kò tíì dé. Ìyàwó ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, wọ́n kanlẹ̀kùn. Màmá yọjú, ó rí ọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, káàdì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì gbìyànjú láti pe orúkọ ọmọ wọn. Kí lẹ rò pé ìyá Ẹ̀gbá máa ṣe? "Wọlé, wọlé, ọkọ mi." Ó fún un lága. Ó bu omi fún un. Ó ṣí móòtì kan fún un, ó ní ó kéré sí i, kó dúró kí òun bu ọ̀fadà fún un. Bí Màmá ṣe ń wá àwo ní kíṣìnì ni bailiff ń kọ̀wé: tẹlifíṣọ̀n, àga ìrọ̀gbọ̀kú, kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó ilé. Ó ní kí Màmá fọwọ́ sí i. Màmá fọwọ́ sí i, ó tún dúpẹ́.

Mo bi Màmá pé kí ni wọ́n rò pé ọkùnrin yẹn ń kọ. "Mo rò pé ìjọba ló rán an wá wo ohun tí wọn ò tíì ní nínú ilé," wọ́n ní, "kí wọ́n lè fi tọrẹ fún wọn torí ìkókó."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ni mo bá jókòó, mo kọ lẹ́tà ojú ìwé méjì. Ìlànà kẹwàá nínú òfin bailiff tí wọ́n ṣe ní 2013 ni, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ oríkì mi: bailiff ò gbọ́dọ̀ kó ẹrù nígbà tó bá jẹ́ pé ọmọdé tàbí ẹni tí ara tàbí ipò rẹ̀ kò gbé e nìkan ló wà nílé. Ìyá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Kì í sì í ṣe òun ló jẹ gbèsè, onígbèsè ò sì rán an kó fọwọ́ sí nǹkan kan. Wọ́n fagi lé ìwé náà, wọ́n yọ 235 kúrò. Gbèsè fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, a ṣàdéhùn 60 pọ́ùn lóṣù. Àmọ́ Màmá ò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí tí wọ́n fi padà sílé. Nọ́ọ̀sì tó wá yẹ ìkókó wò dúró sínú òjò fún ogún ìṣẹ́jú.

Ẹ sọ fún ìyá yín, ẹ sọ fún àbúrò tó ń sùn ní pálọ̀, ẹ sọ fún ọmọ yín. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣílẹ̀kùn.

Àwọn kan tún wà tí mo fẹ́ bá jà. Ọkùnrin kan wà nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp wa tó ń gba 250 pọ́ùn láti kọ lẹ́tà tó ń sọ fún káńsù pé ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ni wọ́n, pé ẹ ò bá wọn ṣe àdéhùn kankan, pé gbólóhùn kọkànlélọ́gọ́ta nínú Magna Carta, ìwé àdéhùn àtijọ́ láàárín ọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ìjòyè rẹ̀, fún yín láṣẹ láti má san owó orí. Magna Carta ọdún 1215! Wọ́n ti yọ gbólóhùn yẹn kúrò nígbà tí wọ́n tún ìwé náà gbé jáde ní 1216. Báróònì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n tìtorí wọn kọ ọ́. Ta ló fi yín joyè báróònì ní Peckham? Tí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjà owó orí, ẹ lọ bi àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn léèrè nípa Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968. "Òkè mẹ́fà la ó san," ni wọ́n wí, wọ́n pọ̀, wọ́n sì mọ iye tí àwọn fẹ́ san. Wọn ò jókòó sílé máa da lẹ́tà kọ láti orí fóònù. Gbogbo ẹni tó gbé lẹ́tà 250 pọ́ùn yẹn wá bá mi ló san owó káńsù, ó san owó kóòtù, ó tún san owó bailiff.

Mi ò bá àdúrà jà ní tèmi, ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹ yé ta òróró sórí lẹ́tà káńsù. Mi ò rí nọ́ḿbà àkáǹtì kà.

Fíìsà tún ni òmíràn. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kọ owó ìrànwọ́ ìjọba fún ń bẹ̀rù láti béèrè ohunkóhun. Ìdínkù ẹni tó ń dá gbé, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe ara public funds, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba tí fíìsà kọ̀, ẹ gbà á. Council Tax Reduction tí wọ́n ń fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ló wà lára rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó mọ̀ nípa ìgbélùú. Ilé tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún nìkan ló ń gbé ibẹ̀ kì í san council tax. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù gan-an máa ń gbàgbé nìyí: tí ọkọ tàbí ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́ kò bá jẹ́ ọmọ Bìrìtìkó, tí fíìsà rẹ̀ sì kọ iṣẹ́ tàbí owó ìrànwọ́ fún un, kò ba òmìnira ilé náà lọ́wọ́ owó yẹn jẹ́, kódà bó bá ń ṣiṣẹ́. Mo ti gba owó padà fún ìdílé mọ́kànlá lórí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀.

Tí gbèsè bá ti pọ̀ ju ohun tí apá ká lọ, Breathing Space wà láti oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ọgọ́ta ọjọ́ tí bailiff ò gbọ́dọ̀ yọ yín lẹ́nu, bí ẹ bá ṣáà ń san ti ọdún yìí lọ. Agbaninímọ̀ràn tó ní àṣẹ nìkan ló lè fi yín síbẹ̀. Citizens Advice, StepChange, National Debtline, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ní kí ẹ mówó wá kóun tó ràn yín lọ́wọ́, ẹ dìde níbẹ̀.

Èmi àti bọ̀dá oní-Ghana-must-go ṣí lẹ́tà títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlélọ́gbọ̀n ti lé ní ọdún kan. Káńsù ló kọ ọ́, wọ́n gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí Manchester, wọ́n ní tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló kù nínú ilé, kó fọwọ́ síbí kí wọ́n lè dín owó rẹ̀ kù. Ìwé náà wà níbẹ̀. Àpò lẹ́tà tó máa fi dá a padà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ti san owó sítáǹbù rẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní kí n yá òun ní bírò.