Ìwádìí ọkọ̀ ni mo pè é

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú "dáyágínósísì", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe wíwá ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Eyín èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán kó tó pè é tán. Àwọn kan ní "àyẹ̀wò ọkọ̀" ló tọ́, àwọn mìíràn ní "ìdámọ̀ àìsàn ọkọ̀". N ò gba ọ̀kankan.

Àyẹ̀wò ni iṣẹ́ skánà. Wọ́n á kì í bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á sì ka kóòdù àṣìṣe tí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti kọ pa mọ́. Ihò yìí di dandan fún ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996, ìdí nìyẹn tó fi wà lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa. Ìdámọ̀ ní tirẹ̀, ìparí iṣẹ́ ni: a ti dá a mọ̀ tán. Iṣẹ́ tó wà láàárín méjèèjì wá ń kọ́? Ìwádìí ni. Wá ìdí. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni ìwádìí. Ṣé ọlọ́pàá nìkan ló ń wá ìdí ọ̀rọ̀ ni? Kí ni wọ́n ń ṣe ní yunifásítì?

Ẹni tó bá pe kíka kóòdù ní gbogbo iṣẹ́ náà, àpò rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Ká ní ọkọ̀ kú mọ́ yín lọ́wọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kò státì mọ́, skánà wá gbé P0335 jáde. Kóòdù yìí dà bí ọmọ ọdún méjì tó ń ké, tó di ikùn mú. Ebi ni o, jẹ̀díjẹ̀dí ni o, owó ẹyọ ló gbé mì ni o, kò lè sọ. Ohun tí P0335 rí kò ju pé àmì tó yẹ kó wá láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ crankshaft, ohun kékeré tó ń sọ fún brain box bí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, kò dé bó ṣe yẹ. Sẹ́ńsọ̀ lè ti kú lóòótọ́. Eku sì lè ti jẹ wáyà, ọ́ìlì lè ti wọ ojú ibi tí wọ́n ti so ó. Ẹni tí kò wádìí á gba Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, lọ, á ra sẹ́ńsọ̀ tòkunbọ̀, ọkọ̀ á sì tún kú.

Kí skánà tó jáde rárá ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń ró "kà-kà-kà" tí ẹ́ńjìnnì kò yí, bátìrì àti orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ṣùgbọ́n tí kò mú, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì tíì státì, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí ẹ̀yìn ọkọ̀: fuel pump, ẹ̀rọ tó ń ti epo lọ sí ẹ́ńjìnnì, sábà máa ń kùn fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Bí kò bá kùn, ẹ wo fíúsì àti relay tó ń gbé iná fún un kó tó kan pump fúnra rẹ̀. Bó bá kùn, ẹ wo ọwọ́ RPM lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí sí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí kò bá mira rárá, sẹ́ńsọ̀ crankshaft la ó kọ́kọ́ fura sí, torí láìsí àmì rẹ̀, brain box kò mọ ìgbà tó yẹ kó tú epo tàbí kó taná sí plug.

Bí ọkọ̀ bá sì sinmi, tó tutù, tó wá jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é, ìfura yẹn tún le sí i, nítorí ooru ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń dá sẹ́ńsọ̀ tó ti ń kú lọ dúró. Ẹ jẹ́ kí ríwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, fi mítà iná wọn sẹ́ńsọ̀ náà nígbà tó ṣì gbóná. Bó bá ti tutù, ara rẹ̀ á ti le, kò sì ní jẹ́wọ́ nǹkan kan.