Bí a ṣe ń jí alùpùpù tó ti pẹ́ nílẹ̀ dìde nínú ọgbà ilé

Alùpùpù tí wọ́n ti gbé tì sí ẹ̀yìnkùlé fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kì í sábà kú. Ẹsáǹsì inú rẹ̀, ìyẹn pẹtiróòlù, ló ti di oje, omi ló ti wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, eku ló ti jẹ wáyà rẹ̀. Ohun tó ń pa á gan-an ni kíìkì àkọ́kọ́ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á fi gbogbo agbára ta, nígbà tí inú sìlíńdà gbẹ táútáú, tí òrùka písítìnì sì ti lẹ̀ mọ́ irin. Ìró “ká!” kan ṣoṣo, iṣẹ́ ọjọ́ kan ti di iṣẹ́ oṣù kan. Kíìkì ló ń gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ yìí.

Ibi tí ẹ̀rọ náà sùn sí ló ń sọ ohun tí a ó kọ́kọ́ wò. Èyí tó wá láti Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ọ̀rinrin ọ̀sà ti bá a jà: inú táńkì á ti dógùn-ún, ẹnu wáyà á sì ti yọ ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé. Èyí tó wá láti Kétu, eruku pupa ojú ọ̀nà ni yóò ti kún fìlítà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ní Ṣábẹ lókè, ọyẹ́ máa ń gbẹ rọ́bà: ẹ̀gbẹ́ táyà á sán wẹ́wẹ́, rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹńjìnnì á sì là níbi tí ojú kò tó.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, a ó wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọrùn ẹ̀rọ, níbi tí ọwọ́ ìdarí ti ń yí, a ó fi wé èyí tó wà nínú kàtì gíríìsì, ìyẹn ìwé ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha á, tàbí tí kò bá ìwé mu, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Kò sí àtúnṣe tó lè wo ìyẹn sàn.

Kí ẹńjìnnì kọ́kọ́ yí

Bùjí, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní pọ́lọ́ọ̀gì, la ó kọ́kọ́ tú. Kọ́kọ́rọ́ mílímítà 16 ló ń tú ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ 4T kéékèèké, èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbé inú ẹńjìnnì; ti 2T àtijọ́, èyí tí ọ́ìlì ń bá ẹsáǹsì jóná pọ̀, sábà máa ń gba 21. Kí kọ́kọ́rọ́ tó kàn án, a ó fi pọ́ńpù táyà fẹ́ eruku ìdí rẹ̀ dànù, torí iyanrìn tó bá já sínú sìlíńdà yóò máa ha ògiri rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí písítìnì bá ń lọ tó ń bọ̀.

A ó da ọ́ìlì ẹńjìnnì ṣíbí ìmutíì kan, bíi mílílítà 5, sínú ihò náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó fi ọwọ́ ti kíìkì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá lọ, a ó ṣe é bíi ìgbà mẹ́wàá kí ọ́ìlì lè tàn káàkiri. Bí kò bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má fò lé e: eyín jíà inú kíìkì ló máa kán. Ọ́ìlì àti gáṣọ́ìlì, ìyẹn dísẹ̀lì, ìdajì-ìdajì la ó pò, mílílítà 30, a ó dà á sínú ihò, a ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó tiẹ̀ lè di ọjọ́ kẹta. Lẹ́yìn èyí a ó fi ẹ̀rọ náà sí jíà tó ga jù, a ó di táyà ẹ̀yìn mú, a ó máa mì í síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Mímì yẹn ló ń yọ òrùka kúrò nínú ìpáàrà. Fífà síbì kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́ ẹ. Èyí tí kò bá mira lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, orí sìlíńdà rẹ̀ ni a ó tú, iṣẹ́ mẹkaníìkì nìyẹn.

Nígbà tó bá ti ń yí, a ó bo ihò bùjí ní àkísà, a ó ta kíìkì ní ìgbà mélòó kan kí ọ́ìlì tó kù lè tú jáde. A kò gbọdọ̀ fò ó. Nǹkan olómi kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí bùjí bá dí i mọ́ inú, ọ̀pá písítìnì ló máa tẹ̀.

Ọ́ìlì àtijọ́ náà gbọ́dọ̀ jáde, ìyẹn fidánjì. Bó bá jáde funfun bíi tíì tí a bu mílíkì sí, omi ti wọlé; a ó dà á nù, a ó fi tuntun sí i, a ó tún dà á lẹ́yìn tí ẹńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ 4T kékeré ń gba nǹkan bíi lítà kan, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìwọ̀n tàbí ojú gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹńjìnnì ni kí a gbà gbọ́. Ọ́ìlì oníwọ̀n 20W-50 bá ooru wa mu, kí àmì JASO MA sì wà lára ìgò rẹ̀, torí inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń lúwẹ̀ẹ́; àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan máa ń jẹ́ kó yọ̀. Fún 2T bíi Yamaha V80 àtijọ́, àpótí ọ́ìlì kékeré kan wà tó ń fi pọ́ńpù bu ọ́ìlì fún ẹńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ ọ̀nà rẹ̀ lásìkò tó dúró, ẹńjìnnì yóò gbẹ. Nítorí náà a ó po mílílítà 25 ọ́ìlì 2T mọ́ lítà ẹsáǹsì kọ̀ọ̀kan fún táńkì àkọ́kọ́, títí a ó fi rí i pé ọ́ìlì ń rìn nínú páìpù rẹ̀ láìsí ìfófòó.

Epo, níbi tí iṣẹ́ pọ̀ sí

Ẹsáǹsì kò ṣeé fi pamọ́ pẹ́. Apá rẹ̀ tó fúyẹ́, tó ń tètè gbiná, ló kọ́kọ́ ń fẹ́ lọ. Èyí tó kù á bá afẹ́fẹ́ lò pọ̀, á di oje aláwọ̀ tíì tó ń lẹ̀ mọ́ irin. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà nínú ooru ti tó láti bà á jẹ́. Imú ló ń mọ̀ ọ́n: tuntun máa ń ta símú, èyí tó ti bàjẹ́ ń rùn bí ọ̀dà àtijọ́. Ká da ẹsáǹsì tuntun lé e lórí kò wúlò. Gbogbo rẹ̀ ni kó jáde.

Ìta gbangba ni kí a ti ṣe èyí, jìnnà sí àdògán àti sìgá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná tó sọ níbi tí wọ́n ń kó kpayo, ìyẹn ẹsáǹsì fàyàwọ́, sí ní Sèmè pa èèyàn tó lé ní 30. Èéfín ẹsáǹsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá gbà, ó lè dé ìdí iná tí kò sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Kpayo inú ìgò ẹ̀bá ọ̀nà ti pààrọ̀ jálá lọ́pọ̀ ìgbà kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á, omi àti ìdọ̀tí sì máa ń bá a wá. Fún àjídìde yìí, lítà méjì láti ilé epo ló dára. Bó bá jẹ́ kpayo nìkan ló wà, kí a dà á sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí a fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15: omi á lọ sísàlẹ̀, á sì pààlà lójú. Apá òkè nìkan la ó fi aṣọ sẹ́.

Bí táńkì bá dógùn-ún, a ó tú róbínẹ̀ rẹ̀, tó ń ṣí epo tó sì ń dí i, kúrò, torí fínígà máa ń jẹ irin rírọ̀ tí wọ́n fi ṣe é, a ó sì dí ojú ihò náà. A ó ka nọ́ọ̀tì àtijọ́ bí ogún sínú táńkì, a ó bu omi díẹ̀ sí i, a ó jù ú sọ́tùn-ún sósì títí ìpáàrà tó nípọn yóò fi bọ́. Iye tí a kà wọlé ni kí a kà jáde. Lẹ́yìn náà fínígà ni kó kún un fún wákàtí 24. A ó fi omi ṣan án, a ó fi omi tí a po ṣíbí bikábónéètì méjì sí ṣan án lẹ́ẹ̀kejì kí kíkan náà lè kú, a ó sì sá a sóòrùn. Bó bá ti gbẹ báyìí, kíá ni kí a yí ọ́ìlì díẹ̀ ká inú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún pupa kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kábúrétọ̀ ló ń gba sùúrù jù. Abọ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ike kan ń léfòó, tí àwọn mẹkaníìkì ń pè ní fúlọ́tọ̀. Bí epo bá kún, fúlọ́tọ̀ á gbé abẹ́rẹ́ kan sókè láti dí ọ̀nà. Bí epo bá lọ sílẹ̀, ọ̀nà á ṣí. Láti inú abọ́ yìí, epo ń gba ojú ihò méjì kọjá, gicleur ni orúkọ wọn lẹ́nu àwọn oníṣẹ́: èyí tó tóbi fún ìrìn eré, èyí tó kéré fún ìgbà tí ẹńjìnnì ń dúró dún. Ihò kékeré yìí kò tó ìdajì mílímítà. Òun ni oje epo ń kọ́kọ́ dí, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ alùpùpù tó ti pẹ́ nílẹ̀ fi ń dún nígbà tí ṣóókù, tó ń dín afẹ́fẹ́ kù fún ẹńjìnnì tó tutù, bá wà lókè, tí yóò sì kú bí a bá dá a padà.

Kí a tó tú u, kí a ya fótò rẹ̀ láti ìhà gbogbo. Sukúrù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́: a ó dì í wọlé jẹ́jẹ́ títí tó fi kàn, a ó ka iye ìyí rẹ̀, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó di pé a yọ ọ́. Ìyí kan àti ààbọ̀ sí méjì ló sábà máa ń jẹ́. A ó kó àwọn irin rẹ̀ sínú ẹsáǹsì mímọ́ fún òru kan, láìfi rọ́bà kankan sí i, torí rọ́bà á wú. Ní òwúrọ̀, okùn bàbà kan ṣoṣo tí a yọ látinú wáyà iná ni a ó fi gún ihò méjèèjì. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ kò dára: irin rẹ̀ le ju bàbà tí wọ́n fi ṣe gicleur lọ, ó máa ń fẹ ihò náà, ẹ̀rọ á sì máa mu epo jù títí láé. A ó gbé gicleur sókè sójú oòrùn. Bí a kò bá rí ìmọ́lẹ̀ tó yípo régé, kò tíì mọ́. Lẹ́yìn náà, pọ́ńpù afẹ́fẹ́ sí gbogbo ojú ọ̀nà ara kábúrétọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ ṣe wàhálà yìí, wọ́n á ra kábúrétọ̀ tuntun olówó pọ́ọ́kú nínú ọjà. Ti àtilẹ̀wá tí a fọ̀ dáadáa sàn jù ú lọ, torí ìwọ̀n ihò rẹ̀ bá ẹńjìnnì náà mu.

Fìlítà afẹ́fẹ́ onífóòmù, omi ọṣẹ la ó fi fọ̀ ọ́, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, a ó sì fún un. Kí a yẹ inú àpótí rẹ̀ àti ẹnu èéfín wò pẹ̀lú: eku ń tẹ́ ìtẹ́ sí ti àkọ́kọ́, agbọ́n alámọ̀ sì fẹ́ràn ti ìkejì. Ẹni tó bá yọ fìlítà sọnù kí ẹ̀rọ “lè mí” ní ojú ọ̀nà Kétu ń fi iyanrìn bọ́ písítìnì.

Iná

A ó fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà nu bùjí, tàbí ká ra tuntun, torí kò wọ́n. Àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.6 sí 0.8. A ó kì í bọ fìlà rẹ̀, a ó fi irin rẹ̀ kan ara ẹńjìnnì, jìnnà sí ihò bùjí àti sí epo tó ṣí sílẹ̀, a ó ta kíìkì. Iná àwọ̀ búlúù tó ń ta “tá, tá” dára. Bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tàbí tí kò sí rárá, a ó tẹ̀ lé wáyà láti bùjí padà sẹ́yìn: fìlà, kọ́ìlì, bọ́tìnnì ìpaná tó wà lápá ọ̀tún, ibi tí eku ti géjẹ. Bọ́tìnnì yẹn ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú lásán. Yíyí i síwá sẹ́yìn bíi ogún ìgbà máa ń nu ẹnu rẹ̀ mọ́.

Bátìrì tó ti kú kò ní kí ẹ̀rọ má dún nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kéékèèké, torí máńyẹ́tò ló ń fún bùjí wọn ní iná. Àwọn mìíràn wà tí bùjí wọn ń gba iná látinú bátìrì. Bátìrì 12 vólùtì tó kún yẹ kó fi 12.6 hàn, èyí tó ti wà nísàlẹ̀ 10.5 fún ìgbà pípẹ́ kì í sábà padà bọ̀ sípò.

Ìgbà tó máa dún

A ó da lítà kan ẹsáǹsì tuntun sí i, a ó ṣí róbínẹ̀, a ó dúró fún ìṣẹ́jú kan kí abọ́ lè kún. A ó fa ṣóókù, tí wọ́n ń pè ní sítátà ní Bẹ̀nẹ̀, a kò ní kan ásẹ̀lẹ̀rétọ̀, a ó wá ta kíìkì. Bí ó bá kọ̀ lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá, bùjí ni kó sọ̀rọ̀. Bó bá jáde tútù, epo ń dé, iná ni kò tó tàbí kí epo ti pọ̀ jù. Bó bá gbẹ, epo kò dé. Epo tó ń kán láti páìpù ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ ń sọ pé abẹ́rẹ́ fúlọ́tọ̀ kò dí. Bí iná àti epo bá pé tí kò sì dún síbẹ̀, a ó fi àtàǹpàkò dí ihò bùjí, ẹlòmíì á ta kíìkì: afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ti ìka kúrò tipátipá. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, fááfù tàbí òrùka ni.

Ẹ̀rọ tó bá dún tí ìró rẹ̀ ń ga fúnra rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ níbi rọ́bà tó là. Èéfín tó pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti ọ́ìlì tí a dà sí sìlíńdà, yóò tán. Bí ti 4T bá ń yọ búlúù lẹ́yìn ìdajì wákàtí, òrùka tàbí rọ́bà fááfù ti jẹ. Kí ó má dún nínú yàrá, èéfín rẹ̀ ń pani láìjẹ́ kéèyàn mọ̀.

Kó tó jáde sí títì: bíréèkì méjèèjì dì í mú, ṣéènì rọ̀ ní mílímítà 25 tàbí 30 láàárín, táyà tó ti sán ti yí padà, àṣíborí wà lórí ẹni tó ń gùn ún. Nígbà tí ẹńjìnnì bá ń sáré díẹ̀, orí bátìrì yẹ kó fi 13.5 sí 14.5 hàn, bí kò bá gòkè, máńyẹ́tò tàbí rẹ́gúlétọ̀ kò fún un ní iná.

Lẹ́yìn nǹkan bí 100 kìlómítà, a ó ṣe fidánjì ẹlẹ́ẹ̀kejì, torí ọ́ìlì àkọ́kọ́ ló kó gbogbo ìdọ̀tí tó ti sùn nínú ẹńjìnnì jáde. A ó fi òòfà kan ìsàlẹ̀ abọ́ tí a dà á sí. Bí ìyẹ̀fun dúdú díẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ̀rọ máa lọ. Bí èékánná irin tó ń dán bá wà níbẹ̀, kí a pa á, kí a tú ẹńjìnnì.