Bí Òkè Hida Ṣe Ń Gba Yìnyín Lọ́wọ́ Òkun

Ọ̀wọ́ òkè Hida wà láàárín Honshu, erékùṣù tó tóbi jù ní Japan. Ó nà láti àríwá sí gúúsù, ó sì kan ilẹ̀ Toyama, Niigata, Nagano àti Gifu. Okuhotaka ló ga jù nínú wọn, 3,190 mítà. Yari tẹ̀ lé e pẹ̀lú 3,180. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gíga nìkan ló sọ òkè yìí di ohun tó jẹ́. Ibi tó dúró sí ni: ó kọjú sí Òkun Japan, ó sì dí ọ̀nà mọ́ afẹ́fẹ́ ìgbà òtútù.

Afẹ́fẹ́ náà ń ti Siberia, ilẹ̀ títutù kan ní Russia, bọ̀. Bó ṣe ń kúrò lórí ilẹ̀, ó tutù, ó sì gbẹ táútáú bí ọyẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá bá wa. Ká ní ilẹ̀ ló gbà títí dé Toyama ni, kò ní rí omi gbé débẹ̀. Òkun ló gbà. Ìṣàn omi kan tí wọ́n ń pè ní Tsushima ń ti gúúsù wọ inú Òkun Japan, ó ń mú kí ojú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ju afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lórí rẹ̀ lọ. Ooru omi á máa gòkè, á máa di ìkùukùu, nígbà tí afẹ́fẹ́ náà yóò sì fi gúnlẹ̀, ọ̀rinrin ti kún inú rẹ̀.

Etí òkun Toyama sí orí Tateyama, òkè kan nínú ọ̀wọ́ Hida tó ga ní 3,015 mítà, kò tó 50 kìlómítà. Afẹ́fẹ́ kò rí ibi yà sí, àfi kó gun òkè. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù sí i, afẹ́fẹ́ tútù kò sì lè gba omi púpọ̀ mọ́ra, ló bá ń dà á sílẹ̀ ní yìnyín. Tí wọ́n bá la ọ̀nà Tateyama ní oṣù kẹrin ọdún, ògiri yìnyín tó wà lápá ọ̀tún àti òsì máa ń tó 20 mítà nígbà mìíràn, bọ́ọ̀sì á sì gba àárín wọn kọjá. Nígbà tí afẹ́fẹ́ náà bá ré Hida àtàwọn òkè yòókù ní àárín Honshu kọjá, omi inú rẹ̀ ti tán. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run Tokyo, tó wà ní òdìkejì àwọn òkè náà, fi ń mọ́ kedere lóṣù kìíní, tí yìnyín sì ń bo Toyama.

Ibi tó yani lẹ́nu jù nìyí. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti gbà pé kò sí odò yìnyín, ìyẹn òkìtì yìnyín ńlá tí kì í yọ́ tán tó sì ń rọra rìn bí odò, ní Japan, nítorí ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ní àwọn àfonífojì jíjìn tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, yìnyín tí atẹ́gùn kó jọ àti èyí tó ya lulẹ̀ láti orí òkè máa ń pọ̀ débi pé ẹ̀ẹ̀rùn kò lè yọ́ ọ tán. Àwọn olùwádìí fi ẹ̀rọ díwọ̀n bí yìnyín náà ṣe ń rọra rìn, nígbà tó sì di ọdún 2012, àwọn onímọ̀ yìnyín ilẹ̀ Japan fọwọ́ sí i pé odò yìnyín mẹ́ta wà níbẹ̀: ọ̀kan ní Tateyama, méjì lára òkè Tsurugi.

Èyí tó bá yọ́ nínú yìnyín ń ṣàn wọ odò bíi Kurobe, tó ń sáré gba àárín òkè lọ sí òkun. Agbára omi yìí ni wọ́n fẹ́ sọ di iná mànàmáná fún agbègbè Osaka tí wọ́n fi kọ́ ìdídò Kurobe, tó ga ní 186 mítà. Ọdún 1963 ni iṣẹ́ parí. Òṣìṣẹ́ 171 ló kú síbẹ̀. Ìrántí wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdídò náà títí dòní.