Ibi tí pàǹtírí máa sùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ máa fi àpótí irin ńlá tí wọ́n ń da pàǹtírí sí ṣe háyà ní Ìlọrin, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní rórò, owó àpótí àti owó ọkọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá. Ìwé ló máa ń gbẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ààtàn wo lẹ ó máa dà á sí? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni gbogbo ìwé yòókù dúró lé.

Àfikún kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 gbé ọ̀rọ̀ kíkó pàǹtírí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, mẹ́ta sì ni ìjọba ìbílẹ̀ tó pín Ìlọrin. Àpótí tó wà ní Tánkẹ̀ lónìí tó bá dé Òkè-Òyì lọ́la ti bọ́ sábẹ́ ọ́fíìsì mìíràn. Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká, ẹ béèrè ààtàn tí wọ́n fọwọ́ sí, kí wọ́n sì dá yín lóhùn lórí ìwé: orúkọ ààtàn, irú pàǹtírí tó lè gbà, àti ọjọ́ tí àṣẹ náà máa parí. Láìsí ìwé yìí, bí dírẹ́bà bá bá géètì ní títì lálẹ́, etí odò Àsà ló máa dà á sí, orúkọ yín ló sì wà lára àpótí. Ti ìjọba àpapọ̀ ni ìlànà ọdún 2009 lórí ìmọ́tótó àti pàǹtírí, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ló ń mójú tó o.

Ti CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀, kò le. Ẹ lè fi orúkọ òwò sílẹ̀, ẹ sì lè dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Owó ìpín kọ́ńpìnnì aládàáni kò gbọdọ̀ dín ní ₦100,000. Ẹni tó bá ní orúkọ òwò, kó rántí ìròyìn ọdọọdún, ó pẹ́ tán ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. Owó orí àwọn òṣìṣẹ́ yín, KW-IRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ Kwara, lẹ ó san án fún.

Ìwọ̀n ẹrù ló ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú jẹ́. Ẹ wo àpótí tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 1.5, tó ga ní mítà 1.2. Bí ewé, ọ̀rá àti pàǹtírí ilé bá kún un, ó máa tó bíi tọ́ọ̀nù 1. Bí àfọ́kù bíríkì àti kọnkéré bá kún un, ó lè tó tọ́ọ̀nù 7. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 5 ò lè gbé e láìrú òfin: sípíríǹgì á ṣẹ́, bíréèkì ò ní mú dáadáa ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó á sì dá a dúró. Ẹ fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí ìdajì àpótí, kí àfọ́kù bíríkì má kọjá ibẹ̀. Ìwé yíyẹ ọkọ̀ wò ti VIO, ìbánigbófò, ẹ̀rọ tó ń dín eré kù àti tapólì tó bo ẹrù gbọ́dọ̀ pé.

Bí àpótí bá máa dúró sí títì, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni títì náà. Nínú ọgbà oníbàárà, ẹ ò nílò rẹ̀. Ẹ má gbé e lé gọ́tà láé.

Ẹ má gba pàǹtírí ilé ìwòsàn, omi bátìrì tàbí òrùlé asbestos. Òfin pàǹtírí olóró ti ọdún 1988, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí ìlú Kòkó, tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí, ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà rẹ̀. Ẹ to orúkọ àwọn pàǹtírí tẹ́ ẹ kì í gbà yìí sínú ìwé àdéhùn, kí oníbàárà fọwọ́ sí i kí àpótí tó kúrò lórí ọkọ̀.