Ohun tí òǹkà Róòmù tó wà lára ṣájà ń sọ

Ẹni tó bá yí ṣájà láptọ́ọ̀pù padà, tó fara balẹ̀ ka ìkọ̀wé wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀, á rí òǹkà Róòmù kan níbẹ̀. V tàbí VI ló sábà máa ń jẹ́. Bí òǹkà náà bá ṣe ga tó ni òfin tí ṣájà náà bá mu ṣe le tó.

Ọ̀nà méjì ni ṣájà ń gbà fi iná ṣòfò. Bó bá ń ṣiṣẹ́, díẹ̀ lára iná tó ń gbà máa ń di ooru. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbóná. Bí wọ́n bá sì yọ fóònù kúrò lẹ́nu rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò ní ṣíwọ́ iná jíjẹ.

Méjèèjì ni òfin ìjọba Amẹ́ríkà ń wọ̀n. Wọ́n á jẹ́ kí ṣájà gbé ìdá 25, 50, 75 àti 100 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù (ìyẹn iye iná tó lè tú jáde) tí wọ́n kọ sí i lára, wọ́n á wo iye tó ń tú jáde nínú iye tó gbà wọlé, wọ́n á sì pín àròpọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí mẹ́rin. Ó bọ́gbọ́n mu bẹ́ẹ̀, torí bí bátìrì bá ṣe ń kún ni iná tó ń fà ń dín kù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yọ gbogbo ohun tó ń gba iná lẹ́nu rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì wọn èyí tó ń jẹ lásán.

Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 2008 gbà kí ṣájà jẹ 0.5 wáàtì lásán. Látọjọ́ 10 February 2016, tí òfin tí VI dúró fún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 0.1 wáàtì péré ló kù fún ọ̀pọ̀ ṣájà tí agbára wọn kò ju wáàtì 49 lọ. Bí irú ṣájà bẹ́ẹ̀ bá wà lára ògiri látọdún dé ọdún, kílówáàtì-wákàtí 4.38 di 0.88. Fún ṣájà láptọ́ọ̀pù oníwáàtì 65, ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó gbà wọlé ni òfin 2016 náà ní kó tú jáde: bó bá ń gbà tó wáàtì 74, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló lè sọ di ooru.

Ohun tó dára jù nínú òfin yìí ni pé kò sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe ṣájà. Iye tó gbọ́dọ̀ dé nìkan ló sọ. Ṣájà àtijọ́ tó wúwo, tí irin àti wáyà bàbà tiransifọ́mà (èyí tó ń dín agbára iná ilé kù) kún inú rẹ̀, kò lè dé ibẹ̀. Ló bá di pé àwọn tó ń ṣe é gba èyí tó ń já iná, tó sì ń tàn án padà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ló jẹ́ kí tiransifọ́mà kékeré tó fún un.